Orúkọ tí kò bá àìsàn mu: kí ni PCOS gan-an, ibo sì ni ìtọ́jú rẹ̀ dé?



Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí àrùn éèdì kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, a fún un ní àpèjẹ́: àrùn kògbóògùn. Lákòókò yẹn, orúkọ náà bá ohun tí ojú ń rí mu. Lónìí, oògùn wà tí ẹni tó ní kòkòrò náà lè máa lò, tí yóò fi dàgbà, tí yóò fi bí ọmọ tí kò ní kòkòrò lára. Síbẹ̀ "kògbóògùn" ṣì wà lẹ́nu wa. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò nínú ìkéde kan náà tí wọ́n fi ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá gba oògùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, kí ni ẹni tó ń gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ fẹ́ rò? Oògùn wo ló kù fún àrùn tí kò gbóògùn?

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí àìsàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń ṣi èèyàn lọ́nà ju ti éèdì lọ. Àwọn dókítà ń pè é ní polycystic ovary syndrome. PCOS ni àgékúrú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ní in, àti pé nínú àwọn tó ní in, ó lè tó 70 nínú 100 tí kò mọ̀ rárá. Ẹ ka iye obìnrin tó wà nínú ẹbí yín, kí ẹ wá ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Èmi kì í ṣe dókítà oníṣègùn o. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gba oyè tèmi. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ka ohun tí àwọn oníṣègùn ń kọ lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ ẹbí mi, àti nítorí pé apá kan nínú ìjà tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀, ìjà orúkọ ni.

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà palẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. "Poly" ni púpọ̀. "Cyst" ni àpò tí omi wà nínú rẹ̀. "Ovary" ni ilé-ẹyin, ìyẹn àwọn méjì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì ilé-ọmọ, níbi tí ẹyin obìnrin ti ń gbó. "Syndrome" wá láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni àwọn tó jọ ń sáré pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára nìyẹn, nítorí ó jẹ́wọ́ pé àkójọ àmì ni a rí, pé a kò tíì lè tọ́ka sí ìdí kan ṣoṣo. Wàhálà tó wà níbẹ̀ wà nínú "cyst". Ohun tí síkáànù ń fi hàn nínú ilé-ẹyin àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe cyst rárá. Àpò ẹyin wéwèé ni wọ́n, irú èyí tí gbogbo obìnrin ní, ẹyin tí kò tíì gbó sì wà nínú wọn. Lóṣooṣù, díẹ̀ nínú àwọn àpò yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ọ̀kan á yọrí, ẹyin á já, àwọn yòókù á rọ. Nínú ara ẹni tó ní PCOS, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n á dúró. Ó dà bí oko àgbàdo tó hù tán pátá tí kò sí èyí tó yọmọ nínú rẹ̀. Ẹ ò ní sọ pé kòkòrò ló jẹ irú oko bẹ́ẹ̀. Omi tàbí ilẹ̀ lẹ máa yẹ̀ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, lọ ṣe síkáànù níbì kan. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún un pé "ẹ ní cyst púpọ̀", kò sì ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dé ilé, ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé wọ́n ní kókó wà nínú òun. Ìyá ní ìjù nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ló fi ń mu àgbo ìjù, owó ńlá sì lọ sí i, kí dókítà mìíràn tó jókòó tì í, tó sọ fún un pé kò sí ohun kankan láti yọ, kò sì sí ohun kankan láti fọ̀ dànù. Ó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n wá pè é fún màmá?" Màmá náà kò ṣe ohun tó burú o. Orúkọ tí wọ́n gbé fún un ló tẹ̀ lé.

Báwo ni orúkọ yìí ṣe dé? Àwọn òpìtàn ìṣègùn máa ń tọ́ka sí Antonio Vallisneri ní Ítálì, tó kọ̀wé ní 1721 nípa ọ̀dọ́bìnrin àgbẹ̀ kan tó lọ́kọ tí kò bímọ, tó sanra díẹ̀, tí ilé-ẹyin rẹ̀ funfun, tó rí kókókókó, tó sì tóbi bí ẹyin ẹyẹlé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní gbé ògo náà fún ni Irving Stein àti Michael Leventhal ní Chicago. Ní 1935, wọ́n kọ̀wé nípa obìnrin méje. Wọ́n la inú wọn, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára ilé-ẹyin. Nǹkan oṣù àwọn méjèèje padà, méjì nínú wọn sì lóyún. Ṣé ẹ rí i? Oníṣẹ́ abẹ ló sọ àìsàn náà lórúkọ, ohun tí ojú oníṣẹ́ abẹ rí ló sì fi sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn Stein àti Leventhal ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó máa ń ya èmi lẹ́nu ni pé ní 1921, ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ti Chicago, àwọn ọmọ Faransé méjì, Achard àti Thiers, ti kọ ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa àtọ̀gbẹ àwọn obìnrin onírùngbọ̀n. Orúkọ tó burú létí ni, kò sí obìnrin tó máa fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí fáìlì òun. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ju ti Stein lọ, nítorí ó so ṣúgà pọ̀ mọ́ irùngbọ̀n. Ó di 1980 kí Burghen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ínsúlìn inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin yìí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí Andrea Dunaif sì fi ìwádìí tirẹ̀ ti 1989 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísanra nìkan. Obìnrin tó tín-ín-rín náà lè ní in.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, bí mo ṣe yé e sí. Iṣẹ́ ínsúlìn ni kó máa kan ilẹ̀kùn àwọn sẹ́ẹ̀lì ara kí wọ́n lè gba ṣúgà wọlé. Nínú ara àwọn kan, sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ti ẹ̀dọ̀ kì í tètè gbọ́. Ara á wá rán ínsúlìn sí i, kí kíkan náà le sí i. Ilé-ẹyin ni aládùúgbò tí etí rẹ̀ kò di ní tirẹ̀. Ariwo tí wọ́n ń pa fún ẹni tí kò gbọ́ràn, òun ló ń dà á láàmú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe testosterone àti àwọn ẹbí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀, èròjà kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tó máa ń di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀ kó má baà rìn gbéregbère. Ínsúlìn tó pọ̀ jù ń dín òun náà kù. Ọpọlọ pẹ̀lú kò dákẹ́: àṣẹ tó ń pa fún ilé-ẹyin láti ṣe testosterone ń pọ̀, èyí tó yẹ kó fi mú ẹyin gbó kò sì bá a pọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni ẹyin tó dúró lójú ọ̀nà, nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, irorẹ́, irun ní àgbọ̀n àti àyà, irun orí tó ń fà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn "họ́mọ̀nù ọkùnrin" tí a máa ń lò fún testosterone. Gbogbo obìnrin ló ní in. Èyí tó pọ̀ jù ni ìṣòro, kò sọ ẹnikẹ́ni di ọkùnrin.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá mọ̀. Bí ọrùn ọmọbìnrin bá ń dúdú tó sì ń nípọn bí aṣọ àrán, tàbí abíyá rẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọ̀ ara ni ínsúlìn tó pọ̀ ti dé yẹn. Mo mọ ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ fi kànìnkànìn bó lọ́rùn pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò fún un.

Láti mọ̀ bóyá PCOS ni, ìlànà tí àwọn oníṣègùn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ìlú Rotterdam ní 2003 ni wọ́n ṣì ń lò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: kí nǹkan oṣù má máa wá déédéé, kí àmì testosterone tó pọ̀ hàn lára tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, kí àpò ẹyin pọ̀ lójú síkáànù. Méjì nínú mẹ́ta ti tó, bí wọ́n bá ti rí i dájú pé kì í ṣe gọ̀gọ́ńgọ̀ tàbí họ́mọ̀nù wàrà ló ń fa wàhálà náà. Ẹ fi ojú èdè wò ó: obìnrin kan lè ní "polycystic ovary syndrome" láìní polycystic ovary! Ẹlòmíì sì lè ní àwòrán náà lójú síkáànù kó má ní àìsàn kankan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àgbáyé ti 2023, èyí tí Helena Teede ti Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà darí, fi sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lo síkáànù láti fi sọ pé ọmọbìnrin ní in kí ọdún mẹ́jọ tó pé lẹ́yìn tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Ìlànà kan náà ló fi ọ̀nà tuntun kan kún un fún àwọn àgbàlagbà: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní AMH, èyí tí àwọn àpò ẹyin ń ṣe, lè dípò síkáànù. Mo rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìlọsíwájú gidi fún ibi tí kò sí ẹ̀rọ síkáànù tó dára, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó dé orí oògùn: ọmọ bíbí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Níbi tiwa, bí obìnrin bá ti bímọ tán, a ó ní ó ti bọ́. Rárá o. Àtọ̀gbẹ ń dúró de ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìlànà 2023 ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ara wọn wò nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé wọ́n ní in, kí wọ́n sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọdún kan sí mẹ́ta. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ń bá wọn jà. Bí nǹkan oṣù kò bá sì wá fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, kí obìnrin má dúpẹ́ pé òun sinmi. Ara inú ilé-ọmọ ló ń nípọn láìsí ohun tó ń fọ̀ ọ́, jẹjẹrẹ sì lè gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dé bá.

Ó wá ku ti oògùn. Fún ẹni tó ń wá ọmọ, clomiphene ni oògùn tí wọ́n ń lò láti ọdún 1967 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, á ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ Richard Legro ní Amẹ́ríkà dán méjèèjì wò lára obìnrin 626. Ní 2007 ni wọ́n gbé èsì jáde. Nínú àwọn tó lo clomiphene, 22.5 nínú 100 ló gbé ọmọ jó. Metformin nìkan, 7.2 péré. Ọ̀rọ̀ metformin gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ọmọ wíwá bá ibẹ̀ rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wúlò gan-an fún ṣúgà àti fún mímú nǹkan oṣù tò.

Oògùn tó gba ipò àkọ́kọ́ báyìí, oògùn jẹjẹrẹ ọmú ni. Letrozole ni orúkọ rẹ̀. Mitwally àti Casper ní Toronto ló kọ́kọ́ ròyìn ìlò rẹ̀ fún èyí ní 2001. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ara obìnrin máa ń sọ díẹ̀ nínú testosterone di oestrogen, họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ilé-ẹyin ń ṣiṣẹ́. Letrozole á dí ọ̀nà ìyípadà yẹn fún ọjọ́ márùn-ún. Ọpọlọ á rí i pé oestrogen lọ sílẹ̀, á ní, "Kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí sùn?" Á rán àṣẹ tó lágbára wá, ẹyin tó dúró lójú ọ̀nà á gbéra. Legro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi obìnrin 750 dán an wò pẹ̀lú clomiphene. Ní 2014, èsì jáde: 27.5 nínú 100 bímọ pẹ̀lú letrozole, 19.1 pẹ̀lú clomiphene. Bí ẹnikẹ́ni bá bá letrozole nínú ìwé oògùn rẹ̀, tó wá ka inú páálí rẹ̀ tó rí "jẹjẹrẹ ọmú", kó má bẹ̀rù. Mo ti gbọ́ nípa ẹni tó da tirẹ̀ nù nítorí èyí.

Nínú ìdánwò 2014 yẹn, 7.4 nínú 100 lára àwọn tó fi clomiphene lóyún ló ní ìbejì, 3.4 lára ti letrozole, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kò tó láti fi búra pé kì í ṣe èèṣì. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìbejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àwọn dókítà kì í dùn sí èyí tí oògùn bí, nítorí ewu tó wà fún ìyá àti ọmọ. Fún àwọn tó bá dé orí IVF, ewu tiwọn ni pé kí ilé-ẹyin gba oògùn jù kó wú. Ìwádìí kan ní Ṣáínà, tó jáde ní 2016, lára obìnrin 1,508, fi hàn pé bí wọ́n bá fi ọlẹ̀ náà sínú yìnyín ná, tí wọ́n dá a padà sínú ìyá nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, 49.3 nínú 100 ló bí ọmọ láàyè, dípò 42.0; ìwúsókè náà sì dín kù púpọ̀.

Fún ẹni tí kò wá ọmọ lọ́wọ́, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mọ̀nù méjì nínú ni wọ́n sábà máa ń kọ, láti mú nǹkan oṣù tò kí irun àti irorẹ́ sì dín. Ó dà bí àwàdà lójú àwọn ìyá wa: "Ọmọ tí kò ríbí, ẹ tún ń fún un ní oògùn àìbímọ?" Kò ba nǹkan kan jẹ́, ọjọ́ tó bá fẹ́ ọmọ, á dá a dúró. Spironolactone wà fún irun, ṣùgbọ́n obìnrin kò gbọ́dọ̀ lóyún lórí rẹ̀, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́fà kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀. Irun fífá kì í mú kó nípọn sí i. Ìtàn lásán nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ lo iná laser, kí wọ́n bèèrè èyí tó bá awọ dúdú mu, tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, kó má baà jó wọn lójú.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ìlànà 2023 kò gbè sẹ́yìn oúnjẹ kan pàtó. Ẹni tó sanra, bó bá fọn díẹ̀, ó máa ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìlànà náà kìlọ̀ fún àwọn dókítà kí wọ́n yé fi ọ̀rọ̀ sísanra gún aláìsàn lára. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Inositol tí wọ́n ń tà lórí Instagram kò léwu púpọ̀, ẹ̀rí tó wà nídìí rẹ̀ kò sì tó iye owó tí wọ́n ń gbà. Semaglutide àti àwọn abẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ nípa rẹ̀ ti wà nínú ohun tí dókítà lè gbé yẹ̀ wò fún ẹni tó sanra. Wọ́n wọ́n, ó sì yẹ kí obìnrin dá semaglutide dúró ó kéré tán oṣù méjì kó tó fẹ́ lóyún.

Ìròyìn tó mú kí fóònù mi dún jù lọ ni ti 2024. Tang Qi-Qun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Fudan ní Shanghai gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé artemisinin, oògùn ibà, ń dín testosterone tí ilé-ẹyin ń ṣe kù: ó ń mú kí ara tètè wó ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é. Wọ́n fún obìnrin 19 ní irú rẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ méjìlá; nǹkan oṣù 12 nínú wọn tò. Inú mi dùn sí i, nítorí ewé ni artemisinin ti wá, gẹ́gẹ́ bí metformin náà ṣe tan mọ́ ewéko kan ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Galega officinalis. Ewé kọ́ ni a ń bá jà. Ewé tí a kò wọ̀n, tí a kò dán wò, tí a ń mu fún àìsàn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: obìnrin 19 kéré, wọn kò sì ní àwọn ẹlòmíì tí wọ́n fi wé wọn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sí kẹ́míìsì lọ ra oògùn ibà jẹ fún oṣù mẹ́ta. Bí àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ lójoojúmọ́ bá ń lò ó báyìí, kòkòrò ibà á kọ́ bí yóò ṣe máa borí rẹ̀, àwọn ọmọdé ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Níbo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lára? Ní Lille, ní Faransé, Paolo Giacobini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2018 pé bí AMH bá pọ̀ jù lára eku tó lóyún, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin á dàgbà di ẹni tó ní ohun tó jọ PCOS. Wọ́n sì fi oògùn kan tó ń dín àṣẹ ọpọlọ kù dá a padà fún àwọn eku náà. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran pẹ̀lú. Ìwádìí jíìnì ti 2018, lára obìnrin tó lé ní 10,000 tó ní in, rí ibi 14 nínú jíìnì tó so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ní 2022, Jia Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo àwọn ọkùnrin tó gbé jíìnì kan náà: àwọn náà máa ń sanra, àtọ̀gbẹ máa ń mú wọn, orí wọn sì máa ń pá. Ọkùnrin kò ní ilé-ẹyin, síbẹ̀ ó ń gbé àìsàn náà kiri. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bèèrè pé "láti ìdílé wo ni ìyàwó yìí ti gbé e wá", ẹ wo orí bàbá rẹ̀, kí ẹ sì tún wo orí tiyín.

Nítorí gbogbo èyí, ìgbìmọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, pè jọ ní Oṣù Kejìlá 2012 ti sọ pé kí wọ́n pa orúkọ PCOS tì, nítorí ó ń darí ojú sí ohun tí kò pọn dandan, tí kò sì tó. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ Teede ti ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn àti oníṣègùn káàkiri ayé. Ó lé ní 7,000 èèyàn tó dáhùn, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì fẹ́ kí orúkọ yí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yíyí orúkọ padà á da iṣẹ́ rú, pé àwọn tó ti mọ PCOS á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òmíràn. Ìbẹ̀rù náà nídìí. Éèdì wa ṣì ń jẹ́ kògbóògùn.

Kí la wá fẹ́ máa pè é ní Yorùbá? Àwọn ìwé èdè-ìperí tí ìjọba gbé jáde ní 1984 àti 1990, tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn, ọ̀rọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n dojú kọ; ìṣègùn kò sí níbẹ̀. "Kókó inú ilé-ọmọ" tí mo máa ń rí kò dára: kì í ṣe kókó, kì í sì í ṣe inú ilé-ọmọ. Ìjù ní àìsàn tirẹ̀. "Àrùn àìrọ́mọbí" ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bímọ, àwọn kan láìlo oògùn kankan, àti nítorí pé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún kò ní gbàgbé e láéláé.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi ni "ìdádúró ẹyin". Mo mọ àbùkù rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ínsúlìn, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lè rò pé ilé-ẹyin nìkan ni kí òun máa tọ́jú. Mo ti gbìyànjú láti fi ínsúlìn kún un, ó gùn jù, kò sì ṣeé pè lẹ́nu ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró lè tún rìn, àwọn tó bá gbọ́ orúkọ náà yóò sì bèèrè pé kí ló dá a dúró, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ dókítà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọsibítù láàárín wa, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fi ohun tí àwọn aláìsàn yín ń pè é ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ sí i.